Bàbá oníṣẹ́ ọgbà tó fà mí wọ ẹgbẹ́ àwọn tó ń wo ewéko àti kòkòrò

Ẹ̀yin ará, mo ti ń ka ìtàn bẹ́ ẹ ṣe dara pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ àwọn tó ń wo ewéko àti kòkòrò bọ̀, ẹ jẹ́ n sọ tèmi náà. Iṣẹ́ ọgbà ni mò ń ṣe, àwọn èèyàn sì máa ń bi mí pé ṣé òdòdó tí mò ń rí láàárọ̀ lálẹ́ ò tíì sú mi ni, tí mo tún fi ń bá ẹgbẹ́ wọ igbó lọ́jọ́ ìsinmi. Bàbá kan ló fà á. Iṣẹ́ kan náà làwa méjèèjì ń ṣe, àmọ́ kò sí òjò tó lè ní kí wọ́n má wá sípàdé.

Lọ́jọ́ kan, arábìnrin kan kó ewé róòsì wá, gbogbo etí ẹ̀ ti gé roboto roboto bíi pé wọ́n fi sísọ́ọ̀sì gé e, ó ní oògùn wo lòun máa fín sí i. Bàbá bú sẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Má fín nǹkan kan jàre, abiyamọ ló ń kọ́lé." Wọ́n ní irú oyin kan tó máa ń dá gbé ni, kò jẹ ewé yẹn rárá, ṣe ló ń gé e lọ fi tẹ́ inú ihò tó máa yé ẹyin sí, ẹyin kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú oúnjẹ tiẹ̀. Àfi ìgbà tá a lọ wò ó! Oyin náà fi ẹsẹ̀ di ewé mọ́ abẹ́ ikùn, ó ń fò bọ̀, ó kó sínú ihò igi gbígbẹ, ó tún jáde lọ gé òmíràn.

Ti ewé tí ẹgbẹ́ wa máa ń tẹ̀ gbẹ ká lè tọ́jú ẹ̀ pa mọ́ ló wá le jù, torí Bàbá ò gba gbẹ̀rẹ́. Inú níúsípépà ni, wàá gbé nǹkan wúwo lé e, wàá máa pààrọ̀ ìwé kó má bu. Pẹ́ńsù ni wàá fi kọ ọjọ́, ibi tó o ti já a àti àwọ̀ òdòdó ẹ̀, torí àwọ̀ yẹn máa ṣí tó bá gbẹ, yíǹkì sì lè ṣàn tí omi bá kàn án. Ewé tí Carl Linnaeus, ẹni tó gbé ìwé orúkọ ewéko jáde lọ́dún 1753, tẹ̀ pa mọ́ ṣì wà ní Lọ́ńdọ̀nù, àwọn onímọ̀ ṣì ń yẹ̀ ẹ́ wò. Àwọn ọ̀dọ́ wa ní fọ́tò ti tó, èmi ò gbà, ṣé fọ́tò tẹ́ ẹ yà látòkè ló máa fi irun abẹ́ ewé hàn yín?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti rí oyin yẹn, ṣé róòsì nìkan ló ń gé lọ́dọ̀ yín?