Ṣálẹ́ǹjì eré orí ìtàgé olóṣù kan: ṣé kúkúrú lójoojúmọ́ ni àbí gígùn kan ṣoṣo?

Akọ̀wé_Alẹ́:
Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà. Èmi àtàwọn òǹkọ̀wé ẹlẹgbẹ́ mi mélòó kan ti jọ fẹnu kò pé tí oṣù Kejì bá ti wọlé, eré orí ìtàgé la ó máa kọ títí oṣù á fi parí, kò sí "ó rẹ̀ mí", kò sí "ìmísí ò tíì dé". Ibi tí ìjà wá wà ni pé a ò tíì mọ irú èyí tá a máa ṣe. Àwọn kan ní eré kúkúrú kan lójúmọ́, ìyẹn eré 28 lápapọ̀, bó ṣe ojú ewé kan péré kò burú. Àwọn tó kù ní kí ló dé tá a fẹ́ ya wèrè, kí kálukú mú ìtàn kan ṣoṣo kó kọ ọ́ dé ojú ewé 75.

Ìtàn kéékèèké lèmi máa ń kọ. Mo ti bẹ̀rẹ̀ eré rí ṣá o, àmọ́ tí mo bá ti dé ìran kejì, ńṣe làwọn èèyàn inú ẹ̀ á kàn jókòó tí wọ́n á máa ṣàlàyé ayé wọn bí ẹni ń jẹ́rìí ní kóòtù. Iṣẹ́ tí mò ń ṣe kì í jẹ́ kí n ráyè àfi lálẹ́. Èwo ló máa dáa fún mi? Tí èèyàn bá sì pa ọjọ́ kan jẹ ńkọ́, ṣé ó máa san án padà ni? Ẹ gbà mí o, torí mo ti sọ fún wọn pé mo wà ńbẹ̀, ojú á tì mí tí mo bá sá.

Bàbá_Ìtàgé:
Àbúrò, kọ èyí tó kúrú, má wulẹ̀ rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Òṣèré ni mí kí n tó di ẹni tó ń kọ̀wé, ohun tí mo sì máa ń sọ fáwọn tó bá ń bọ̀ láti ìdí ìtàn ni pé ìtàn máa ń gbà ẹ́ láyè láti wọnú ọkàn èèyàn lọ sọ ohun tó ń rò, orí ìtàgé ò gbà ẹ́ láyè yẹn, ohun tójú rí àtohun tétí gbọ́ nìkan ló wà níbẹ̀. Àfi kó o máa ṣe é lójoojúmọ́ kó o máa rí ibi tó ti ń yẹ̀ mọ́ ẹ lọ́wọ́. Eré 28 máa fún ẹ ní ìbẹ̀rẹ̀ 28 àti ìparí 28. Eré gígùn máa fún ẹ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ìyẹn tó o bá tiẹ̀ dé ìparí.

Wo ohun tí mò ń sọ. Tẹ̀gbọ́n tàbúrò, bàbá wọn ti kú, wọ́n ń jà sílé. Ẹni tó ń bọ̀ láti ìdí ìtàn máa kọ ọ́ báyìí:

Ẹ̀GBỌ́N: Ṣé o rántí pé ọdún kẹta rèé tí bàbá wa ti kú, tí wọn ò sì sọ ẹni tó ni ilé yìí nínú wa?

Ta ló ń bá àbúrò ẹ̀ sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ yẹn? Àwa tá a wá wòran ló ń bá sọ̀rọ̀. Wàyí o, gbé àga kan sáàárín ìtàgé, jẹ́ kí àbúrò wọlé kó lọ jókòó lé e.

Ẹ̀GBỌ́N: Dìde níbẹ̀.
ÀBÚRÒ: Àga ni.
Ẹ̀GBỌ́N: Mo mọ̀ pé àga ni. Dìde.

Ó tán. Kò tíì sẹ́ni tó dárúkọ bàbá, gbogbo wa sì ti mọ̀ pé ẹnì kan ló ni àga yẹn tẹ́lẹ̀, ẹni náà ò sì sí mọ́. Kò lè ju ojú ewé kan lọ, ojú ewé kan sì máa ń tó bí ìṣẹ́jú kan lórí ìtàgé. Ṣe irú ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, ọwọ́ ẹ á yàtọ̀.

Tẹ́nì kan bá sì sọ fún ẹ pé eré ojoojúmọ́ ò lè já sí nǹkan gidi, sọ fún un pé Suzan-Lori Parks ará Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ irú ẹ̀ ní oṣù Kọkànlá ọdún 2002, odidi ọdún kan ló fi ń kọ eré kan lójúmọ́, òmíràn nínú wọn ò pé ojú ewé kan. Nígbà tó di 2006 sí 2007, àwọn tíátà káàkiri Amẹ́ríkà ló jọ pín in ṣe.

Ìran_Kẹta:
Ẹ̀gbọ́n, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, mi ò gbà. Ti àga yẹn dùn gan-an, àmọ́ ẹ ò sọ ibi tó ń dunni. Eré kan lójúmọ́ túmọ̀ sí pé gbogbo alẹ́ tó bá ti ibi iṣẹ́ dé, látorí òfo ló máa bẹ̀rẹ̀, èèyàn tuntun, ìjà tuntun, ibi tuntun, kó tó wá rí ìlà kan kọ ilẹ̀ ti fẹ́ mọ́. Eré gígùn kì í rí bẹ́ẹ̀, àwọn èèyàn inú ẹ̀ ti wà ńbẹ̀ tí wọ́n ń dúró dè ẹ́. Script Frenzy, ṣálẹ́ǹjì eré kíkọ tó wà nígbà kan, èyí tí wọ́n pa tì lẹ́yìn 2012, ojú ewé 100 ni wọ́n máa ń kọ láàárín ọjọ́ 30 oṣù Kẹrin, ẹ pín in wò, mẹ́ta àti díẹ̀ ni lóòjọ́. 75 tiyín ò tiẹ̀ pé mẹ́ta.

Akọ̀wé_Alẹ́, ọgbọ́n kan tó ń ṣiṣẹ́ fún mi rèé: má dáwọ́ dúró níbi tí ìran bá parí sí. Dáwọ́ dúró sáàárín ìjà, nígbà tẹ́nì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ béèrè ọ̀rọ̀ tẹ́nì kejì ò tíì fèsì, kó o pa kọ̀ǹpútà dé kó o lọ sùn. Lọ́jọ́ kejì o ò ní máa wá ibi tó o máa bẹ̀rẹ̀ sí, èsì yẹn ló máa kọ́kọ́ jáde. Ọ̀sẹ̀ kejì sì ni kó o ṣọ́ra fún o, ibẹ̀ ni ohun tó ò ń kọ ti máa ń sú èèyàn, tí ìtàn mìíràn tó dà bíi pé ó dáa jù á máa pè ẹ́. Kọ ìyẹn sórí fóònù ẹ, kó o padà sídìí èyí tó ò ń kọ jàre.

Adákẹ́kọ̀wé:
Ẹ̀yin méjèèjì ń jà sí kúkúrú àti gígùn, èmi ò rò pé ibẹ̀ ló máa bà á jẹ́. Àwọn tẹ́ ẹ jọ ń ṣe é ni. Mo wà nínú gúrúùpù WhatsApp kan rí, a bẹ̀rẹ̀ dáadáa, kálukú ń fi tiẹ̀ ránṣẹ́ lálaalẹ́, ṣùgbọ́n arákùnrin kan wà ńbẹ̀ tó jẹ́ pé kò sóhun tẹ́nì kan máa gbé síbẹ̀ tí ò ní tún un ṣe, "ìlà kẹrin yìí wúwo jù", "ìparí yìí ò wọ̀ mí létí", bẹ́ẹ̀ ẹni tó kọ ọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéwọ́ kúrò lórí ẹ̀ ni o. Kò pẹ́ táwọn èèyàn fi bẹ̀rẹ̀ sí í dákẹ́, tá a bá bi wọ́n, wọ́n á ní iṣẹ́ pọ̀. Ọkùnrin náà ò bú ẹnikẹ́ni, òótọ́ ló tiẹ̀ ń sọ lọ́pọ̀ ìgbà, àsìkò ẹ̀ ni ò tíì tó.

Torí náà ẹ ṣòfin kó tó di ọjọ́ kìíní. Lálẹ́, kí kálukú kàn kọ "mo ti kọ" àti iye ojú ewé ẹ̀, kò pọn dandan kó gbé eré náà sílẹ̀, tó bá sì gbé e sílẹ̀, ibi tó dùn mọ́ yín nìkan lẹ lè sọ. Àtúnṣe di oṣù Kẹta. Lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ẹ jọ pe ara yín kẹ́ ẹ ka ojú ewé méjì méjì sókè, àmọ́ kì í ṣe ẹni tó kọ ọ́ ló máa kà á o, ẹlòmíì ni. Ibi tẹ́ni tó ń kà á bá ti kọsẹ̀, tàbí tí èémí ẹ̀ tán sáàárín ọ̀rọ̀, ẹni tó kọ ọ́ á ti fetí ara ẹ̀ gbọ́ ọ, kò nílò kẹ́nì kankan ṣàlàyé fún un.

Ọjọ́ tó bá lọ, jẹ́ kó lọ. Má san án. Tó o bá jẹ gbèsè eré mẹ́ta, wàá jókòó pé o fẹ́ kọ mẹ́rin lálẹ́ ọjọ́ kan, wàá kọ méjì játijàti, lẹ́yìn náà a ò ní gbúròó ẹ mọ́.

Akọ̀wé_Alẹ́:
Ẹ ṣeun gan-an, àga yẹn ò kúrò lọ́kàn mi látàárọ̀. Mo ti bá àwọn tèmi sọ̀rọ̀, ẹni tó bá fẹ́ kúkúrú kó kọ kúkúrú, ẹni tó bá fẹ́ gígùn kó kọ gígùn, "mo ti kọ" lálẹ́ ló pa gbogbo wa pọ̀. Èmi máa ṣe kúkúrú (Ìran_Kẹta, má bínú). Ìbéèrè kan ló kù: tó bá jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo ló wà lórí ìtàgé tó ń sọ̀rọ̀ látìbẹ̀rẹ̀ dópin, ṣé ìyẹn náà jẹ́ eré? Torí mo mọ ara mi, ọjọ́ tó bá rẹ̀ mí, ibẹ̀ ni mo máa sá sí.

Bàbá_Ìtàgé:
Eré ni, ọjọ́ ti pẹ́ táwọn èèyàn ti ń ṣe é. Ṣùgbọ́n kó o tó kọ ìlà àkọ́kọ́, mọ ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀ àtohun tó fẹ́ gbà lọ́wọ́ ẹ̀. Kó máa bẹ ẹni tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn pé kó ṣílẹ̀kùn, tàbí kó máa parọ́ fún ìyá ẹ̀ lórí fóònù nígbà tó ń kó ẹrù sínú báàgì. Tí kò bá sẹ́ni tó ń bá sọ̀rọ̀, ìdí ìtàn lo tún padà sí yẹn.

Ìran_Kẹta:
Mi ò bínú o. Ti ìyá orí fóònù yẹn, tó o bá máa kọ ọ́, má jẹ́ ká gbọ́ ohùn ìyá rárá. Ibi tọ́mọ bá ti dákẹ́ kó tó dáhùn, a máa mọ ohun tí ìyá bi í.