Mo ti gun kẹ̀kẹ́ dé Èsìẹ́, mo sì ti bọ̀

Ẹ̀yin ará, ẹ kú àdúrótì. Lóṣù tó kọjá, mo bi yín bóyá ènìyàn lè gun kẹ̀kẹ́ ológeere láti Ìlọrin dé Èsìẹ́, kí ó sùn, kí ó sì padà lọ́jọ́ kejì. Ó ṣeé ṣe.

Ìdájí ni mo gbéra kí tírélà tó pọ̀. Gànmọ̀ kún fún ọkọ̀, mo tètè kọjá. Láti Ìdófìán ni ọ̀nà ti dùn: ó ń gòkè, ó ń sọ̀ kalẹ̀, igi igbá àti igi èmi dúró káàkiri láàárín koríko tí ọyẹ́ ti gbẹ. Mo ń gbọ́ igbe àparò. Ẹ dákun, ẹ má ṣe sáré níbẹ̀.

Ẹni tó ní kí n gba ọwọ́ Òmù-Àrán ní Àjàṣẹ́-Ìpo, kí n má yà sí ti Ọ̀fà, ẹ ṣeun púpọ̀. Táyà ẹ̀yìn lu kí n tó dé Òrò. Bàbá fókanáísà kan bá mi lẹ̀ ẹ́, wọn ò gba kọ́bọ̀. Ọlọ́run á san án fún wọn.

Ní Èsìẹ́, mo wọ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1945, àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Ère òkúta ibẹ̀ lé ní 1,000. Ẹsẹ̀ ń ro mí, síbẹ̀ n kò fẹ́ jáde.

Ìbéèrè mi ti rí ìdáhùn. Omi Òwú, èyí tó ń já bọ́ láti orí àpáta ní Ọwá-Kájọlà, ló kàn.