Níbo ni lẹ́tà Martin Delany wà?

Ọmọ Lísàbí:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará mi. Abẹ́òkúta ni wọ́n bí mi sí. Látìgbà tí mo ti gbọ́ pé Martin Delany, aláwọ̀ dúdú ọmọ Amẹ́ríkà, bá Aláké Òkúkẹ́nù tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn ní ọjọ́ 27 oṣù Kejìlá ọdún 1859, kí àwọn èèyàn rẹ̀ lè wá tẹ̀dó sílẹ̀ Ẹ̀gbá, ọ̀rọ̀ ọkùnrin náà ò kúrò lọ́kàn mi mọ́. Mo ti ka ìròyìn ìrìn àjò rẹ̀ tó tẹ̀ jáde ní 1861, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ojú agbo nìyẹn. Lẹ́tà tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ni mo fẹ́, èyí tó máa sọ bí oòrùn ṣe pa á tó àti ẹni tó bí i nínú. Mo wá orí íntánẹ́ẹ̀tì Library of Congress, ilé ìkówèésí ńlá tó wà ní Washington: ti Lincoln, ààrẹ Amẹ́ríkà ìgbà náà, wà, ti Frederick Douglass, aláwọ̀ dúdú tó jà fún òmìnira àwọn ẹrú, wà, ti Delany ni mi ò rí. Ṣé mi ò mọ̀ ọ́n wá ni?

Àjọkẹ́:
Ẹ mọ̀ ọ́n wá, ẹ̀gbọ́n. Iná ló jó o. Wilberforce University ní Ohio ni Delany kó ìwé rẹ̀ sí, pẹ̀lú àwọn nǹkan tó kó bọ̀ láti Áfíríkà. Ọjọ́ 14 oṣù Kẹrin 1865, ọjọ́ tí wọ́n yìnbọn fún Lincoln gan-an, ni ibẹ̀ jóná. Ó dùn mí wọra nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á.

Ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ ẹni tí wọ́n kọ lẹ́tà sí ni lẹ́tà ń gbé. Ẹ wo ti Lincoln, nǹkan bí 40,000: ohun táwọn èèyàn kọ sí i ló pọ̀ jù níbẹ̀. Robert ọmọ rẹ̀ ló kó wọn fún Library of Congress, ó ní wọn ò gbọdọ̀ ṣí wọn àfi tí òun bá ti kú tó ọdún 21. Oṣù Keje 1947 ni wọ́n tó ṣí i. Torí náà, ẹ yé fi orúkọ Delany wá Delany. Ẹ wá àwọn tó ń kọ̀wé sí.

Douglass ló kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn, torí àwọn méjèèjì jọ wà nídìí ìwé ìròyìn North Star láti 1847. Àmọ́ iná tún jó ilé Douglass ní Rochester ní oṣù Kẹfà 1872. National Archives, ibi tí ìjọba Amẹ́ríkà ń kó ìwé àtijọ́ rẹ̀ sí, ni kí ẹ lọ, ẹ wọ inú ìwé Freedmen's Bureau, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn tó bọ́ lóko ẹrú. Nígbà tí Delany di Mejọ̀ nínú ológun ní 1865, South Carolina ló wà, ó ń bójú tó àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lóko ẹrú, ó sì ń kọ ìròyìn ránṣẹ́ sọ́gàá.

Kíkà rẹ̀ gan-an niṣẹ́. Láti 2018 ni Library of Congress ti ń ní kí ẹni tó bá wù bá wọn tẹ irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà, èmi náà sì ń ṣe é. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, mo rí ọ̀rọ̀ kan, "Congrefs". Mo gbé fóònù súnmọ́ ojú, mo gbé e jìnnà. Àṣé "Congress" ni! Nígbà yẹn, tí s bá di méjì, àwọn kan máa ń fa èkíní gùn bíi f. Àwọn mìíràn, kí pépà má bàa tán, wọ́n á kọ ojú ewé kún, wọ́n á yí i dábùú, wọ́n á tún kọ òmíràn lé e lórí.

Bàbá Ìtòkò:
Àjọkẹ́ ọmọ mi, o ṣeun. Ẹ fi Birmingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kún un. Yunifásítì ibẹ̀ ni ìwé àwọn míṣọ́nnárì CMS wà. Henry Townsend, ọ̀kan nínú wọn tó ń gbé Abẹ́òkúta nígbà náà, kò fẹ́ àdéhùn yẹn rárá. Ẹ rántí sá pé ọ̀tá ẹni kì í pa òdù ọ̀yà.

Ọmọ Lísàbí:
Ẹ ṣé, Bàbá. Àjọkẹ́, iná lẹ́ẹ̀mejì! Mo ti ṣí ojú ewé kan nínú ti Freedmen's Bureau báyìí. Orúkọ oṣù nìkan ni mo rí kà.

Àjọkẹ́:
Ẹ ya ìlà tó ń dí yín lọ́wọ́, ẹ fi síbí. Mi ò tíì sùn.