Ẹ bá mi wo fọ́tò tí mo ya lórí àpáta Olúmọ ní Abẹ́òkúta, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má kàn sọ pé ó rẹwà

Ẹ kú ilé o. Fóònù lásán ni mo fi ya á, mi ò ní kámẹ́rà. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìdí tí mi ò fi fẹ́ ìyìn.

Ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé kan lọ́dún tó kọjá, mo gun Olúmọ. Mo kọjú sí ọ̀nà Láfẹ́ńwá, níbi tí oòrùn ti ń wọ̀. Òrùlé páànù tó ti dípẹtà, tó pọ́n bí epo, ló kún gbogbo ìsàlẹ̀, Odò Ògùn sì ń dán lọ́ọ̀ọ́kán. Ó tó ogójì fọ́tò tí mo yà. Mo ṣa èyí tó wù mí jù, mo fi ránṣẹ́ sí àwọn ará ilé. "Ó mà rẹwà o!" "Lísàbí á gbè ọ́!" Àǹtí mi kan tiẹ̀ fi ṣe ojú fóònù wọn. Orí mi wú.

Ni mo bá gbé e lọ sọ́dọ̀ bàbá onífọ́tò kan ládùúgbò wa. Àtìgbà fíìmù ni wọ́n ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí, nígbà tó jẹ́ pé fọ́tò 36 péré ni fíìmù kan ń gbà, èyí tó bá bàjẹ́, owó ló lọ yẹn. Wọ́n wò ó, wọn ò sọ̀rọ̀. Wọ́n wá fi àtàǹpàkò bo ojú ọ̀run inú fọ́tò náà.

"Kí ló sọnù?"

Mo ní, "Kò sí, bàbá."

Wọ́n bo ìsàlẹ̀. "Ibí ńkọ́?"

Páànù tí mo fojú ara mi rí pé ó pọ́n, nínú fọ́tò, ó dúdú bí kóró iṣin.

"Ìwọ lo rí méjèèjì pọ̀, fóònù ẹ ò rí i bẹ́ẹ̀. O dojú kọ oòrùn, ó mú ojú ọ̀run, ó fi àwọn ilé sílẹ̀ sókùnkùn. Odò yìí ńkọ́? Ṣé ó fẹ́ dà sílẹ̀ ni?"

Áà! Mo gbé fóònù wọ́, mi ò mọ̀.

Ó dùn mí, kí n má purọ́. Díẹ̀ ló kù kí n já fóònù mi gbà. Àmọ́ bàbá ní kí n padà lọ láàárọ̀, gbàrà tí wọ́n bá ṣílẹ̀kùn, kí oòrùn wà lẹ́yìn mi, kó tan sí páànù wọ̀nyẹn. Bó bá jẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì Pétérù Mímọ́ ní Aké ni mo fẹ́ yà, ìyẹn ni kí n dúró de ìrọ̀lẹ́ fún. Wọ́n tún ní fọ́tò tí ò bá ní olórí ilé, ìyẹn ohun kan tí ojú á kọ́kọ́ bà lé, ńṣe ni ojú á kàn máa rìn gbéregbère nínú ẹ̀.

Ti àárọ̀ náà lẹ ń wò yìí. Àdìrẹ tí ẹnì kan sá sórí okùn ni mo fi ṣe olórí ilé. Ṣé ó dúró bẹ́ẹ̀? Òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó wà lápá ọ̀tún yẹn, ṣé kí n gé e dànù?

Ìyá Ìbejì: Tèmi, ìgbà ọyẹ́ ni. Mo gun Olúmọ dókè, mi ò rí ìlú, gbogbo ẹ̀ funfun. Mo bínú ya mẹ́ta, mo fẹ́ pa wọ́n rẹ́, ọkọ mi ní kí n fi sílẹ̀. Nígbà tí mo fara balẹ̀ wò ó, òrùlé iwájú hàn dáadáa, èyí tó tẹ̀ lé e rí bàìbàì díẹ̀, àwọn òkè ẹ̀yìn dà bí èéfín. Àwọn kan ní kí n fi fóònù fọ eruku yẹn kúrò, mo kọ̀ jálẹ̀. Òpó tìẹ yẹn, fi sílẹ̀. Ìlú wa nìyẹn. Àdìrẹ yẹn ni kó o sún kúrò láàárín, ó ń dí odò mọ́ wa lójú.

Ará Kútọ̀: Mo ti fi àtàǹpàkò bo òpó náà o. Kò sí nǹkan tó sọnù.