Máàpù afèsì, máàpù agbèsì: ìdí tí ọ̀rọ̀ kan kò fi tó

Mo kí gbogbo ilé o. Mo ti ka àbá méjì tí ó wà níwájú wa lórí orúkọ tí ó yẹ kí a máa pe máàpù orí ayélujára, irú èyí tí ènìyàn ń fọwọ́ tẹ̀, tí a lè fẹ̀ lójú, tí a sì lè súnkì, tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní "interactive map". Àkọ́kọ́ ni "àwòrán ilẹ̀ afèsì", tí ẹ̀gbọ́n wa kan dá nítorí pé bí a bá tẹ ibì kan lójú rẹ̀, yóò dá wa lóhùn. Èkejì ni "máàpù oníbàáṣepọ̀", tí akẹgbẹ́ wa kan tí ó jẹ́ atúmọ̀ èdè gbé kalẹ̀. Èkejì yìí kò ní gba àkókò wa. Àárín ènìyàn àti ènìyàn, tàbí ìlú àti ìlú, ni ìbáṣepọ̀ ń wà. Bí ẹnìkan bá sọ fún mi pé òun ní máàpù oníbàáṣepọ̀, n ó rò pé àfẹ́sọ́nà ni ó ń fi í wá.

Àbá àkọ́kọ́ ni ó yẹ kí a jókòó tì. "Afèsì" dára, ó sì rọrùn lẹ́nu, ṣùgbọ́n ìdajì iṣẹ́ náà ni ó sọ. Ẹ jẹ́ kí a rántí ohun tí àwọn baba wa ṣe nígbà tí rédíò dé. Wọn kò túmọ̀ orúkọ tí òyìnbó pè é. Wọ́n wo ìwà rẹ̀, wọ́n rí i pé láti àárọ̀ di alẹ́ ni ó ń rojọ́ tí kò sì sí ohun tí a lè sọ padà tí yóò wọ̀ ọ́ létí, ni wọ́n bá pè é ní asọ̀rọ̀mágbèsì. Ohun tí ó wù mí jù nínú orúkọ náà ni pé kò sọ pé rédíò kì í fèsì. Ó ní kì í gbèsì ni. Kí ohun èlò fèsì ni pé kí ó dá ẹni tí ó bi í lóhùn. Kí ó gbèsì ni pé kí ó gba ohun tí a sọ fún un, kí ó fi pamọ́, kí ẹni tí ó bá dé lẹ́yìn wa sì bá a níbẹ̀. Èdè wa ti ya méjèèjì sọ́tọ̀ kí ayélujára tó dé, n kò sì rí ìdí tí a ó fi pa wọ́n pọ̀ nítorí pé Gẹ̀ẹ́sì fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, "interactive", bo méjèèjì mọ́lẹ̀.

Àbá mi ni pé kí "máàpù afèsì" jẹ́ èyí tí a ń bi léèrè ọ̀nà, tí ó ń sọ ibi tí a ó ti yà àti ìgbà tí a ó débẹ̀, bí Google Maps ti ń ṣe láti ọdún 2005. Kí "máàpù agbèsì" sì jẹ́ èyí tí àwọn tí ń lò ó gan-an ń kọ nǹkan sí. OpenStreetMap, tí Steve Coast dá sílẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 2004, ni àpẹẹrẹ tí ó hàn jù. Nígbà tí ilẹ̀ mì tìtì ní Haiti ní oṣù kìíní ọdún 2010, òpópónà díẹ̀ ni ó wà lórí máàpù náà fún Port-au-Prince. Àwọn olùyọ̀ǹda láti orílẹ̀-èdè oríṣiríṣi jókòó ti kọ̀ǹpútà wọn, wọ́n ń wo àwòrán tí sátẹ́láìtì yà lẹ́yìn ìmìtìtì náà, wọ́n ń fa ìlà sí ojú títì, wọ́n ń sàmì sí àwọn ilé tí ó wó àti ibi tí àwọn ènìyàn pàgọ́ sí, láàárín ọjọ́ mélòó kan àwọn tí ń yọ ènìyàn lábẹ́ àlàpà ti ń fi máàpù yẹn rìn. Kò sí ẹni tí ó bi máàpù ní ìbéèrè kankan nínú èyí. Àwọn ènìyàn ni ó ń sọ̀rọ̀, máàpù ni ó ń gbọ́. Ẹni tí ó bá pe irú ìyẹn ní "afèsì" ti gbé orí ọ̀rọ̀ sí ibi ẹsẹ̀.

Àwọn ará Kẹ́ńyà ti ṣe ohun tí mo ń wí yìí ṣáájú wa. Nígbà tí ìjà ìbò bẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀ ní ìparí ọdún 2007, àwọn ọ̀dọ́ kan ṣe ìkànnì kan ní oṣù kìíní ọdún 2008, tí ẹni tí ó bá rí ìwà ipá ní àdúgbò rẹ̀ lè fi àtẹ̀jíṣẹ́ fóònù ránṣẹ́ sí, kí ó sì hàn lórí máàpù níbi tí ó ti ṣẹlẹ̀. Ushahidi ni wọ́n pè é, èyí tí í ṣe ẹ̀rí ní èdè Swahili. Ohun tí àwọn ènìyàn ń fi í ṣe ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ, orúkọ náà sì kárí ayé láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan yóò sọ pé "gba èsì" tún lè túmọ̀ sí kí ènìyàn rí ìdáhùn gbà, pé nígbà náà ẹni tí ó di fóònù mú ni agbèsì, kì í ṣe máàpù. Òótọ́ ni, bí ọ̀rọ̀ náà bá dá dúró. Ṣùgbọ́n nínú asọ̀rọ̀mágbèsì, rédíò ni kò gbèsì, kì í ṣe àwa tí a ń gbọ́ ọ. Lára ohun èlò ni ìwà náà wà, ibẹ̀ náà ni yóò sì wà bí a bá ti so "agbèsì" mọ́ "máàpù".

Èyí tí ó le ju ìyẹn lọ ni ọ̀rọ̀ Simon Weckert, oníṣẹ́ ọnà ará Jámánì. Ní ọdún 2020, ó ṣàfihàn bí òun ṣe kó fóònù àlòkù 99 sínú kẹ̀kẹ́ àfọwọ́fà kékeré kan, tí òun sì ń fà á lọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ní àwọn òpópónà Berlin. Google Maps wà ní títàn lórí gbogbo wọn. Máàpù náà kà wọ́n sí ọkọ̀ tí ó há sójú kan, ni ó bá fi àwọ̀ pupa kun títì tí ó dá páropáro, bí ẹni pé súnkẹrẹ-fàkẹrẹ wà níbẹ̀. Ohun tí eré yẹn tú síta ni pé máàpù tí a rò pé ó kàn ń fèsì ti ń gbèsì lọ́wọ́ gbogbo wa tipẹ́, àwa ni a kò mọ̀ pé a ń sọ̀rọ̀. Ǹjẹ́ èyí ba ìyàtọ̀ tí mo ṣe jẹ́? Lójú tèmi, kò bà á jẹ́. Mo fi "agbèsì" sílẹ̀ fún èyí tí a mọ̀ọ́mọ̀ fún ní èsì. Ti èyí tí ń gbà á lọ́wọ́ wa láìjẹ́ pé a mọ̀, bí ó bá jẹ́ èmi, "ajíèsì" ni ǹ bá pè é, ṣùgbọ́n ibi tí a ti ń dá ọ̀rọ̀ ni a wà, a kò sí ní kóòtù.

Ní ti "àwòrán ilẹ̀" tí ẹ̀gbọ́n wa fi ṣáájú, mo bẹ̀bẹ̀ kí a fi "máàpù" rọ́pò rẹ̀. Ọmọ iléèwé tí kò tíì mọ ìwé kà dáadáa ti mọ máàpù. Bí a bá sì sọ "àwòrán ilẹ̀" fún ẹni tí ó ń ra ilẹ̀, ìwé súfè ni ọkàn rẹ̀ yóò lọ sí. Ẹ tún wo Makoko ní Èkó. Orí òpó nínú ọ̀sà ni ọ̀pọ̀ ilé ibẹ̀ wà, ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n fi ń lọ láti ilé dé ilé, títí di àìpẹ́ yìí sì ni ojú omi òfìfo fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo ohun tí máàpù orí ayélujára ń fi hàn níbẹ̀. Ní ọdún 2019 ni àjọ Code for Africa àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò náà bí a ṣe ń fi dúróònù ya ibẹ̀ láti òkè, kí wọ́n lè fi ilé àti ojú ọ̀nà omi wọn sórí máàpù. Ilẹ̀ wo ni a ó sọ pé wọ́n ya àwòrán rẹ̀?

Mo fẹ́ fi ọwọ́ kan ọ̀rọ̀ méjì tí ó rọ̀ mọ́ èyí. Fún àwọn ohun tí a ń tẹ́ lé ara wọn lórí máàpù, tí a lè ṣí ọ̀kan kí a sì pa òmíràn dé, ẹnìkan dábàá "àjà", mo sì fara mọ́ "ìpele". Àjà ilé kì í ṣeé ká kúrò. Ìpele tí obìnrin wé lé orí ìró, ó lè tú u nígbà tí ó bá wù ú, ìró kò ní yẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni máàpù tí dókítà John Snow yà ní London ní ọdún 1854 ṣe ṣiṣẹ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé orí bébà ni: àwọn òpópónà àdúgbò Soho wà nísàlẹ̀, ìlà kan fún olúkúlùkù ẹni tí kọ́lẹ́rà pa wà lókè rẹ̀, ẹ̀rọ omi tí gbogbo ayé ń pọn sì wà láàárín wọn, ìgbà tí a bá wo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ ni ẹ̀bi ẹ̀rọ omi Broad Street ń hàn. Fún àmì tí a ń gún mọ́ ibì kan, "èèkàn" tẹ́ mi lọ́rùn ju "pèrègún" lọ, nítorí pé ààlà ni a ń fi pèrègún pa, ojú kan ṣoṣo ni èèkàn sì ń wọlẹ̀ sí. Bí ó bá mú àwọn kan rántí èèkàn ìlú, kò burú.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni mo ń tìtorí rẹ̀ kọ gbogbo èyí. Orí translatewiki.net ni àwọn olùyọ̀ǹda ti ń túmọ̀ ojú ìkànnì OpenStreetMap sí èdè oríṣiríṣi, bọ́tìnnì kò sì ní ààyè fún gbólóhùn gígùn. Nínú máàpù náà, ibùdó kọ̀ọ̀kan lè ní ju orúkọ kan lọ, olúkúlùkù pẹ̀lú àmì èdè tirẹ̀: ẹni tí ó bá fẹ́ lè kọ Àjàṣẹ́ sí abẹ́ name:yo, àmì fún orúkọ ní èdè Yorùbá, fún ìlú tí ìjọba Benin ń pè ní Porto-Novo, tí àwọn Ẹ̀gùn ń pè ní Hogbonu, kí ó sì kọ Ṣábẹ̀ fún Savè, pẹ̀lú àmì ìsàlẹ̀ àti ti òkè ní pípé, láì pa orúkọ ẹnikẹ́ni rẹ́. Bọ́tìnnì tí a ń tẹ̀ láti ṣe bẹ́ẹ̀ ni ó kù. Wikipedia Yorùbá ti ń lo "àtúnṣe" láti ọjọ́ pípẹ́, ojú àwọn òǹkàwé sì ti mọ́ ọn; mo dábàá pé kí a mú ìyẹn bí ó ti wà, kí a má dá òmíràn.