Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: báwo ni ẹ ṣe ń se ọbẹ̀ ata tí epo kò pọ̀ nínú rẹ̀?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo wà. Dókítà sọ fún màmá mi pé ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ wọn ti pọ̀ jù, kí a dín epo kù. Ọ̀rọ̀ náà ká mi lára, nítorí èmi ni mò ń dáná fún wọn.

Láfún kì í ṣe ìṣòro. Ewédú náà ń lọ déédéé, bẹ́ẹ̀ ni gbẹ̀gìrì: tí ẹ̀wà bá ti jinná tó sì kúnná, ó máa ń ki fúnra rẹ̀. Ọbẹ̀ ata gan-an ni wàhálà. Mo máa ń se ata àti tòmátì títí omi rẹ̀ á fi gbẹ, n óò wá fi ṣíbí epo kan sí i, pẹ̀lú irú àti ẹja gbígbẹ. Màmá tọ́ ọ wò, wọ́n ní ó ń kan. Ṣé kí n dín tòmátì kù, kí n fi tàtàṣé àti àlùbọ́sà kún un ni?

Ẹ bá mi dá sí ti kéèkì tí mò ń ṣe náà, torí mo fẹ́ dín ọ̀rá inú rẹ̀ kù. Kò sí ààrò òyìnbó nílé wa. Ìkòkò ńlá tí mo da yanrìn sí lórí sítóòfù ni mo fi ń yan án. Mo ti ń fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tó pọ́n dáadáa rọ́pò ìdajì bọ́tà, ó sì ń rọ̀. Gírámù ọ̀rá kan ní kálórì 9, ti ṣúgà jẹ́ 4, nítorí náà ó wù mí kí n yọ bọ́tà kúrò pátápátá. Ta ló ti ṣe é rí tí kò le?