Ẹ gbà mí o: ọ̀gágun wo ni ká mú?

Ìyá Ìbejì: Ẹ̀yin ará ilé, ẹ jọ̀ọ́. Láàárọ̀ ọ̀la lọmọ mi máa sọ̀rọ̀ nílé ìwé lórí ọ̀gágun ojú ogun kan, ìsinsìnyí ló ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún mi! Ọmọ Yorùbá ni kó jẹ́. Ta ni ká mú?

Ọmọ Ṣọ̀ún: Èwo là ń rò? Benjamin Adékúnlé, Black Scorpion! Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá rẹ̀, Kàdúná ni wọ́n bí i sí. Òun ló kó ẹgbẹ́ ọmọ ogun Marine Commando Kẹta wọ Bonny nígbà ogun Biafra, ní Oṣù Keje 1967. Oṣù Kẹwàá, Calabar. Oṣù Karùn-ún 1968, Port Harcourt. Ta ló tún kù?

Àdùkẹ́: Ẹ rọra o. Mo sọ ìtàn Adékúnlé yẹn níbi àpèjẹ kan rí, mo tiẹ̀ ń fọwọ́ júwe bí wọ́n ṣe gúnlẹ̀. Ni màmá kan bá dìde. Ebi ló pa àbúrò rẹ̀ méjì nínú ogun yẹn. Kò bú mi o. Ó kàn ń pe orúkọ wọn ni. Mi ò lè parí ọ̀rọ̀.

Ọmọ Ṣọ̀ún: Ṣé Adékúnlé nìkan ló jagun ni?

Bàbá Sójà: Àdùkẹ́ ò parọ́. Ọkùnrin yẹn ò fi bò pé òun ò fẹ́ kí oúnjẹ ìrànwọ́ wọ Biafra. Ẹ mú Ọbásanjọ́. Òun ló gbapò rẹ̀ ní Oṣù Karùn-ún 1969, nígbà tó fi máa di Oṣù Kìíní 1970, ogun ti parí.

Ọmọ Ṣọ̀ún: Ẹlòmíì sebẹ̀, ẹ ní ẹni tó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ ni alásè!

Bàbá Sójà: Èyí tó jóná ní Owerri ńkọ́? Ṣé kò bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́ ni?

Akin Ìbàdàn: Ẹ̀yin èèyàn mi, ṣé ẹ mọ̀ pé dídún ìbọn ni wọ́n fi sọ ogun Ìbàdàn àti Èkìtì Parapọ̀ ayé àtijọ́ ní Kírìjì? Ààrẹ Látóòsà…

Ọmọ Iléṣà: Látóòsà kẹ̀? Ògèdèǹgbé ò sí níbẹ̀ ni?

Àdùkẹ́: Ta ló bi yín ní Kírìjì?

Ìyá Ìbejì: Ẹ ṣé gan-an. Fájuyì ni mo bá a kọ.

Bàbá Sójà: Háà! Oṣù Keje 1966 ni wọ́n pa Fájuyì, ogun ò tíì bẹ̀rẹ̀! Lieutenant-Colonel sì ni.

Ìyá Ìbejì: Ṣebí ó jà ní Congo, wọ́n fún un lámì ẹ̀yẹ, ó sì bá àlejò rẹ̀, Ironsi tó jẹ́ olórí ìjọba nígbà náà, kú. Ọmọ ti sùn, sà.